Méje Jáde, Méje Wọlé

"Má fi aṣọ nù ún. Ìdọ̀tí tó wà lára ẹ̀ yẹn pàápàá lọ́rọ̀ lẹ́nu. Gbé e kalẹ̀ síbí, kí ojú èmi àti ojú ẹ̀ kọ́kọ́ kí ara wọn."

Obìnrin náà gbé owó náà kalẹ̀ sórí aṣọ funfun kékeré tí bàbá tẹ́ sórí tábìlì, ó sì fà sẹ́yìn bí ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lé oníṣègùn lọ́wọ́. Owó fàdákà ni, ọ̀kan nínú owó ayé ìjọ́hun tí wọ́n ti kó kúrò nílẹ̀, tí kò lè ra abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí ọba tí ó wà lójú rẹ̀ ti yọ́ débi pé imú nìkan ni ó kù tí a fi lè mọ̀ pé ọba ni. Ẹnìkan ti lu ihò sí i lókè. Lábẹ́ ihò náà ni wọ́n tẹ ẹja kékeré kan sí, àti ìràwọ̀ kan, àti ìlà mẹ́ta tí ó dúró ṣanṣan bí ọ̀pá ọgbà. Létí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, àwọn àmì tíntìntín kan tò, tí kò tóbi ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ.

Bàbá kò tíì fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá rọ irin àmì fúnra rẹ̀, tí ó sì fi òòlù ara rẹ̀ lù ú fún ọdún méjìlélógún, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè orúkọ nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ó mú àyà rẹ̀ já ni pé nínú gbogbo owó tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sọnù.

Bàbá Ìṣó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹni tí ó bá sì wọ yàrá àlejò rẹ̀ kì í béèrè ìdí. Ìṣó kún ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà iwájú títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn: ìṣó kọ́kọ́rọ́, ìṣó fìlà, ìṣó agboorun, ìṣó awò ojú, ìṣó ike abẹ́rẹ́ àti òwú. Lábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan ni ó ti fi ọ̀dà dúdú ya àwòrán ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí agboorun bá jáde nílé, òjìji rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ àyè dè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é ní yàrá irinṣẹ́ rélùwéè, níbi tí ó ti jẹ́ olùtọ́jú irinṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, ní ayé ìgbà tí ojú ṣì ń ti ènìyàn láti sọ pé òun kò mọ ibi tí òun gbé nǹkan sí. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ní ọ̀sẹ̀ tí òun wọlé ọkọ, ẹ̀rù ń ba òun kí ọkùnrin yìí má lọ fi ọ̀dà ya òun náà sórí ibùsùn, kí ó lè máa mọ ìgbà tí òun bá dìde.

Aránṣọ ni obìnrin tí ó gbé owó wá yìí, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Gbajámọ̀ ìkóríta ni ó júwe ilé fún un, tí ó ní òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá tẹ́lẹ̀; kò sọ irú iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀. Ó ní inú máṣíìnì ìyá òun ni owó náà ti jáde ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú ni máṣíìnì náà ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, gbogbo wọn sì rò pé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, àfi ìgbà tí atúnmáṣíìnìṣe tú orí rẹ̀, tí owó já bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé e kiri. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kì í fi àdúrà ṣeré, ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, kí wọ́n lọ jù ú sínú ibú. Ẹni tí ń ra ohun àtijọ́ ní àwọn àmì náà gan-an ni ó ba owó jẹ́. Bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà ni, òun ì bá wo ojú rẹ̀. Olùkọ́ kan sì jókòó, ó ronú títí, ó ní ẹja ni òkun, ìràwọ̀ ni ojú ọ̀run, ìlà mẹ́ta ni òpó ọkọ̀: kò sí àní-àní, atukọ̀ ojú omi ni ẹni tí ó ni ín.

"Bàbá mi ló ni ín, kò sì lúwẹ̀ẹ́ rí láyé ẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Omi ìwẹ̀ lásán pàápàá, ìyá mi ní kó tó wẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń lé ewúrẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ti bàbá kò kọjá orí eyín.

"Ta ni bàbá rẹ?"

"Rélùwéè ló ti ṣiṣẹ́. Alósì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan."

Bàbá Ìṣó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí tábìlì, ó fi wọ́n lé orúnkún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àmì náà fún un, ohùn rẹ̀ gbẹ bí ohùn akọ̀wé kóòtù. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irin pẹlẹbẹ ni ilé iṣẹ́ ń há fún àwọn òṣìṣẹ́ láti fi yá irinṣẹ́. Ẹni tí ó bá mú irinṣẹ́ lọ yóò fi irin tirẹ̀ kọ́ sí ìṣó tí irinṣẹ́ náà ti kúrò; bí ó bá dá irinṣẹ́ padà, wọn yóò dá irin rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ irin náà nù bí ẹni ń gbọn eruku dànù. Nígbà náà ni ọ̀gá pàṣẹ pé kí oníkálukú mú owó fàdákà àtijọ́ kan wá láti ilé, nítorí kò sí ọmọ ènìyàn tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ owó nù, bí owó náà kò tilẹ̀ rajà mọ́. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Wọ́n lu ihò sí àwọn owó náà, wọ́n sì tẹ àmì sí wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ̀wé. Ẹja ni àmì àwọn afárin, nítorí èérún irin tí ń bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn a máa dán bí ìpẹ́ ẹja. Ìlà mẹ́ta ni tábìlì kẹta. Ìràwọ̀ ni ti àwọn tí a fọkàn tán, àwọn mọ́kànlá péré nínú ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́. Àwọn nìkan ni ó lè yá Awọ̀nrun, irinṣẹ́ ìwọ̀n kan báyìí tí ó lè sọ bí irun orí ṣe nípọn tó, tí kò sì sí èkejì rẹ̀ nínú ọgbà.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Á jẹ́ pé wọ́n fọkàn tán bàbá mi."

"Wọ́n fọkàn tán an."

"Àwọn àmì wẹ́wẹ́ etí ẹ̀ yìí ńkọ́?"

Bàbá wo owó náà títí. "Ogbó ni," ni ó wí. "Irin náà a máa yọ èélá bó bá dàgbà."

"Wọ́n ti tò jù fún èélá, Bàbá."

Ó ní ojú òun kò gbé e mọ́ láìsí awò amóhuntóbi, kí ó fi owó náà sílẹ̀ di ọ̀la. Obìnrin náà na ọwọ́ sí i, ó tún fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní ìyá òun ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n rí owó náà. Òun kò sì fẹ́ kí ó gbọ́ títí òun yóò fi mọ ohun tí òun máa sọ fún un. Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, Bàbá. Torí Awọ̀nrun yẹn ni wọ́n ṣe lé bàbá mi níṣẹ́. Wọ́n ní ó jí i. Ṣé olè ni bàbá mi? Olùtọ́jú irinṣẹ́ kan ló jẹ́rìí sí i. Bóyá ẹ tiẹ̀ mọ olùtọ́jú náà."

"Rélùwéè tóbi, ọmọ mi," ni Bàbá Ìṣó wí.

Nígbà tí ìró bàtà rẹ̀ kò dún mọ́, bàbá kò dìde láti mú awò. Kò nílò awò láti mọ ohun tí àwọn àmì wẹ́wẹ́ náà jẹ́. Iye wọn ni ó ń bà á lẹ́rù. Nítorí pé Awọ̀nrun kò ní ẹlẹgbẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó dá òfin kan sílẹ̀ fún un, òfin tí ó fi ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí Awọ̀nrun bá jáde, òun yóò tẹ ojúàmì kan sí etí òsì owó ẹni tí ó yá a. Bí ó bá wọlé, tí òun sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun yóò tẹ ọ̀kan sí etí ọ̀tún kí òun tó dá owó padà. Lẹ́yìn náà ni òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Owó ẹni tí kò jẹ Awọ̀nrun ní gbèsè gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Alósì yá Awọ̀nrun, ó di ọdún mọ́kànlélógójì. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, ìṣó Awọ̀nrun ṣófo. Kò sí irinṣẹ́, kò sí owó. Nínú ìwé, orúkọ Alósì wà lábẹ́ "jáde". Abẹ́ "wọlé" funfun báláú. Alósì ní òun dá a padà nígbà tí fèrè ìparí iṣẹ́ ń dún, pé olùtọ́jú tẹ owó òun, ó sì fún òun. Wọ́n ní kí ó mú owó náà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi tú ilé, wọn kò rí i. Wọ́n wá bi olùtọ́jú léèrè níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì dáhùn pé, "Bí mo bá gbà á, mo máa kọ ọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí a máa kọ nǹkan sílẹ̀. Bí ó bá sín, àfi bí ẹni pé yóò kọ ọ́. Gbólóhùn kan yẹn ni wọ́n fi lé Alósì. Ó di ẹni tí ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ òsì tí ó ti ń fá irin dé ìwọ̀n irun, kò sì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ó fi kú.

Ohun kan tún wà tí Bàbá Ìṣó kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dé ibẹ̀. Ní ọdún kejì tí wọ́n lé Alósì, wọ́n ń kó yàrá irinṣẹ́ lọ sí ilé tuntun, wọ́n sì bá Awọ̀nrun lẹ́yìn pẹpẹ ńlá, nínú aṣọ olóròóró tí wọ́n dì ní ìdì mẹ́rin. Gbogbo ènìyàn ní ẹ̀rù ni ó ba olè tí ó fi jù ú gba ojú fèrèsé. Olùtọ́jú gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti gbà. Ìdì mẹ́rin náà, òun nìkan ni ó ń dì í nínú ọgbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tirẹ̀ ti sáré ju ìlọ́po méjì ogún lọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí ẹni tí ń lé e mọ́.

Ọ̀sán ti ń yí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé láti bi í bóyá ó ti ṣetán láti jẹun. Kò kọ́kọ́ wo ọkọ rẹ̀. Ògiri ni ó wò, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ ọn lára, ó sì rí òjìji kan tí kò ní olóhun: òjìji fáìlì tín-ínrín tí bàbá fi ń họ irin.

"Kí lẹ fẹ́ fi fáìlì ṣe, Bàbá wọn?"

Fáìlì náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, owó wà lọ́wọ́ òsì, awò amóhuntóbi sì wà lórí tábìlì láàárín méjèèjì. Bàbá Ìṣó, tí kì í parọ́ fún aya, ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un láti orí dé ìdí. Ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí ó bá òun kà á, pé bóyá ojú òun ni.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó gbé awò sójú. "Méje lósì." Ó yí owó náà po díẹ̀díẹ̀. "Méje lọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n èkeje yìí wọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Mi ò tẹ àmì wíwọ́ rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ náà."

"Ẹ tẹ èyí."

Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tí ọwọ́ gbọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fi ń wá ọmọ. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bí fèrè ìparí iṣẹ́ ti ń dún, wọ́n ránṣẹ́ sí rélùwéè pé ọmọ ti ń bọ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlélógójì báyìí.

"Ẹ sáré wọ ọsibítù tẹ̀yin taṣọ iṣẹ́," ni ó wí pẹ̀lẹ́. "Gègé ìkọ̀wé ṣì wà létí yín. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ẹ fẹ́ kọ ọmọ náà sábẹ́ 'wọlé' ni."

Bàbá na fáìlì sí owó náà, kò jẹ́ kí ó kàn án. "Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan péré, etí ọ̀tún ti di mẹ́fà. Ìràwọ̀ ti wà níbẹ̀, ẹja ti wà níbẹ̀. Aránṣọ yẹn ti rí ohun tó máa sọ fún ìyá ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Bàbá wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fà á, ẹ kọ́kọ́ bá mi ya òjìji ẹ̀ sí ara ògiri, kí n lè máa mọ ohun tó jáde nílé yìí."

Ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ náà padà sórí iná. Bàbá jókòó títí ìtànṣán oòrùn fi kúrò lórí ìṣó fìlà tí ó bọ́ sórí ìṣó agboorun. Lẹ́yìn náà ni ó dá fáìlì padà sí àyè rẹ̀, ó dé fìlà, ó sì di owó náà mọ́ ọwọ́, nítorí kò fọkàn tán àpò.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí ó dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó kún fún ègé aṣọ àti ẹfun ìlàṣọ. Máṣíìnì ìyá náà wà lójú fèrèsé, ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ mọ́. Obìnrin náà ní kí ó jókòó. Ó ní rárá. Lórí ìdúró ni ó ti ro ẹjọ́ náà, láìfi ọ̀kan pe méjì: ohun tí àwọn ojúàmì náà jẹ́, iye wọn lósì, iye wọn lọ́tùn-ún, èkeje tí ó wọ́, aṣọ tí a dì ní ìdì mẹ́rin. Obìnrin náà kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó rán ìlà tí ó wà níwájú rẹ̀ dópin, ó gé òwú, ó wá gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ni olùtọ́jú náà."

"Èmi ni."

"Ẹ ní rélùwéè tóbi."

"Ó tóbi. Èmi ló kéré."

Ó gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ iná máṣíìnì, ó sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ kà á fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tí bàbá ń retí ni èébú, ó sì ti múra láti gbà á. Èébú kò wá. Obìnrin náà ní orí máṣíìnì yìí ni bàbá òun máa ń da ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀ sí bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní títí bàbá òun fi kú, kò sí alẹ́ kan tí ìyá òun kò bi í léèrè ibi tí ó gbé owó náà sí, lórí àga yìí kan náà, bí ó ti ń ránṣọ. Ní ìkẹyìn, kò tilẹ̀ dá a lóhùn mọ́.

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni owó yìí fi ń pariwo létí wa," ni ó wí. "Bí ẹ bá sọ tiyín fún ìyá mi, ó máa bi mí níbi tí mo ti rí i. Á jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ sọ tiwa náà."

Bàbá Ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó, kí ó sinmi. Obìnrin náà mi orí.

"Ó ti sinmi tó. Ẹ wá lọ́la kí aago mẹ́jọ tó lù. Òwúrọ̀ ni etí ẹ̀ máa ń là. Mi ò ní í bá yín sọ ọ́ o. Ẹnu tó ní òun kò gbà á ló máa sọ pé òun gbà á."

Ó so owó náà mọ́ etí ìró rẹ̀ ní ìdì méjì, ó sì tún yí kẹ̀kẹ́ máṣíìnì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìṣó ti wẹ̀ láti lọ bá ìyá aránṣọ kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú ẹ̀wù funfun tí ó máa ń wọ̀ fún ohun tí ó bá lágbára, ó sì rí i pé bọ́tìnnì kejì ti ń já lọ. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ láti gbà á; ó ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó gbé àga lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì mú abẹ́rẹ́ nínú ike. Ìgbà àkọ́kọ́, òwú gba ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ìgbà kejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fi itọ́ tẹ́ ẹnu òwú, ó dúró kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, òwú sì wọlé ní ìgbà kẹta. Ó rán bọ́tìnnì náà nígbà mẹ́rin gba ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ta kókó, ó fi eyín já òwú, ó sì lọ dá abẹ́rẹ́ padà sí ìṣó rẹ̀.